Lórí Ìkúnlẹ̀ ni Àwòdì Ti Kọ́ Gẹ̀ẹ́sì

Lẹ́yìn ilé iṣẹ́ ńlá kan, ilé ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ kan wà, obìnrin kan sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Àwòdì. Kì í ṣe pé ó ń gbé òròmọdìẹ. Ojú rẹ̀ ni wọ́n wò tí wọ́n fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Yàrá àwọn tó ń rákòrò ló ń mójú tó, ẹni tó bá sì ti gbé pẹ̀lú ọmọ tó ń rákòrò rí mọ̀ pé kò sí olè tó yára tó o. Bí o bá wo ọ̀tún, ó ti dé òsì. Bí o bá ní kí o nu imú ọ̀kan, èkejì ti mú bàtà àlejò, ó sì ti ń jẹ ẹ́. Àwòdì lè máa fún ọ̀kan lóúnjẹ kí ó máa fi ìpàkọ́ wo ìyókù. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń sọ pé bí ọmọ kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rò ó lọ́kàn láti sá, Àwòdì á ti dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ń fi í yangàn.

Ọmọkùnrin kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀kẹ́rẹ́ ló fi hàn án ní ọjọ́ Ajé kan pé kò sí ẹni tí kì í ṣẹ́jú. Obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìfọṣọ ti kẹ̀kẹ́ aṣọ wọlé, ó kó èyí tó mọ́ sílẹ̀, ó kó èyí tó dọ̀tí, ó sì jáde. Kò mọ̀ pé ẹnì kan ń rá tẹ̀ lé kẹ̀kẹ́ náà lẹ́yìn. Nígbà tí Àwòdì gbójú sókè, àyè Ọ̀kẹ́rẹ́ ti ṣófo. Kò pariwo. Ó ki eré mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ ibùsùn, ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ. Inú agbọ̀n aṣọ ní yàrá ìfọṣọ ló ti bá ọmọ náà, ó jókòó bí ọba, ó ń jẹ etí táwẹ́ẹ̀lì. Etí agbọ̀n ti ha á níwájú orí díẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí ìyá ọmọ dé láti ẹnu iṣẹ́, ó rí ojú ibi tó ha, ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Obìnrin yìí ti ìlú mìíràn wá, kò gbọ́ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni òun àti àwọn ará ibẹ̀ fi ń gbọ́ra wọn yé. Gẹ̀ẹ́sì Àwòdì kò sì kún ṣíbí. Ó fi ọwọ́ han ọmọ, ó fi ọwọ́ han ara rẹ̀, ó ní: “He run. I look. He run. I look.”

Ohun tó ní lọ́kàn ni pé ọmọ sá, òun sì wá a títí òun fi rí i. Ohun tí ìyá ọmọ gbọ́ ni pé ọmọ ń sáré kiri ní gbogbo ọjọ́, obìnrin yìí sì dúró, ó ń wò ó bí ẹni ń wo eré. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó gbé ọmọ rẹ̀ sí èjìká, kò kí ẹnikẹ́ni pé ó dàbọ̀. Ní ọjọ́ kejì, Ọ̀kẹ́rẹ́ kò wá.

Ọ̀gá tuntun tó ń ṣàkóso ibẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Màdáámù, ránṣẹ́ pe Àwòdì. Obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò ni, mo sì fara mọ́ ọn nínú èyí, nítorí ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n.

“Ọmọ rá jáde, ẹ sì rí i. Ìyẹn kò bí mi nínú,” ni Màdáámù wí. “Ohun tó bí mi nínú ni pé ẹ rí ọmọ, ẹ kò rí ọ̀rọ̀ sọ fún ìyá rẹ̀. Ẹni tí kò lè ròyìn ọmọ fún òbí rẹ̀ lórí fóònù kò lè wà nínú yàrá ọmọ.”

“Màdáámù, ẹ̀yin lẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ kúkú bá mi pè é.”

“Ṣé èmi ni ọmọ bọ́ mọ́ lọ́wọ́?”

Màdáámù fi ìka kan kàlẹ́ńdà ara ògiri.

“Ní ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó pè é. Bí ó bá ní òun ń gbé ọmọ padà wá, ẹ wà níbi tí ẹ wà. Bí ó bá kọ̀, wọ́n ń wá èèyàn ní yàrá ìfọṣọ.”

Owó iṣẹ́ kan náà ni. Ìfọṣọ kò sì le ju ọmọ títọ́jú lọ, ẹ̀rọ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ kì í rẹ́rìn-ín síni. Aṣọ kì í di ìka ẹni mú kí ó tó sùn. Bí Àwòdì ti ń lọ sílé, bí ẹni pé wọ́n ti yan aṣọ fún un ní ọmọ ló ń ṣe é.

Ọkọ rẹ̀ ń ránṣọ nínú yàrá iwájú ilé wọn, Télọ̀ ni gbogbo àdúgbò sì ń pè é. Ọkùnrin oníkùn ńlá ni, aláwàdà, ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí kò gbọ́ ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Àwòdì ròyìn fún un. Télọ̀ bọ́ téèpù kúrò lọ́rùn, ó fa bébà kan, ó kọ gbólóhùn bíi mélòó kan sí i, ó ní kí ìyàwó òun máa kà á tẹ̀ lé òun.

“Wò ó, Ìyá wọn, kò le. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò fún ojú, ‘look.’ Èyí tó bá tẹ̀ lé e ló máa sọ iṣẹ́ tí ojú ń ṣe. ‘Look at,’ ò ń wò ó nìyẹn. ‘Look for,’ ò ń wá a. ‘Look after,’ ò ń tọ́jú ẹ̀.”

“Ọ̀rọ̀ kan?”

“Ẹyọ kan.”

“Èmi tí mò ń wò, tí mò ń wá, tí mò ń ṣọ́, tí mò ń yọjú, tí mò ń tọ́jú, ọ̀kan náà ni gbogbo ẹ̀ lójú wọn? Ahun ni wọ́n!”

“Ẹ̀wù kan ni wọ́n ní. Fìlà ni wọ́n ń pààrọ̀.”

“Sísá ńkọ́? Ẹ̀wù kan náà ni?”

“Rárá o, ìyẹn pọ̀. ‘Run away,’ ‘get out,’ ‘get away,’ ‘slip out.’ Mélòó ni kí n kà?”

“Ẹ ò rí nǹkan? Àwọn tó ń sá níbẹ̀ pọ̀ ju àwọn tó ń ṣọ́ wọn lọ. Abájọ.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n kà á. Kí Àwòdì tó mú gbólóhùn kejì, èkíní ti lọ. Kí ó tó sáré mú èkíní padà, ẹ̀kẹta ti jò bí omi inú ajere. Ó kà á títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Níkẹyìn ó ká bébà náà, ó sọ ọ́ sáàárín àwọn gígé aṣọ.

“Orí mi ò gbà á, Bàbá wọn. Ẹ jẹ́ kí n lọ bá táwẹ́ẹ̀lì gbé.”

Télọ̀ wo bébà tó sọ nù, ó wo ìyàwó rẹ̀. Lójijì ó gbá tábìlì.

“Ẹ̀bi mi ni! Ọ̀gá mi ò fi ìwé kọ́ mi. Bó bá máa sọ pé kí n gé aṣọ, sísọ́ọ̀sì á ti wà lọ́wọ́ mi. Bó bá máa sọ pé kí n kó òwú sábẹ́rẹ́, mo ti di abẹ́rẹ́ mú nìyẹn. Ara ló ń kọ́kọ́ lọ, ẹnu á wá tẹ̀ lé e. Dìde. Èmi ni Ọ̀kẹ́rẹ́.”

Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin oníkùn ńlá yìí ṣe kúnlẹ̀, tó fọwọ́ lélẹ̀, tó sì rá wọ abẹ́ tábìlì tó fi ń gé aṣọ. Ó ń kígbe láti ibẹ̀: “Sọ ọ́! ‘He got away from me!’” Àwòdì ń rá tẹ̀ lé e, ó ń sọ ọ́. Télọ̀ gba àárín aṣọ àwọn oníbàárà tó kọ́ sára ògiri kọjá, ṣòkòtò ọkùnrin kan sì wé mọ́ ọn lórí. Àwòdì ká aṣọ níkọ̀ọ̀kan, ó ń wí pé, “I looked for him, I looked for him,” títí ó fi fa etí ọkọ rẹ̀ jáde. Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, ó mọ gbólóhùn mẹ́ta. Ní ìrọ̀lẹ́ kejì, ó mọ̀ wọ́n, ó sì lè tò wọ́n bí ìlẹ̀kẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ kejì yìí gan-an ni wọ́n dé orí “climb out.” Télọ̀ gbé ẹsẹ̀ lé àpótí, ó ki orí àti àyà bọ ojú fèrèsé. Kí ó tó ṣe bí ẹní mí, ikùn rẹ̀ ti há. Àwòdì di ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú nínú ilé, ó ń fi gbogbo ohùn sọ Gẹ̀ẹ́sì.

Màmá àgbà kan tó ń gbé lókè orí wọn, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Òkè, ti ń gbọ́ eré àti ìṣubú àga láti ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́. Ó ti ní sùúrù. Ìrọ̀lẹ́ yìí ni sùúrù rẹ̀ tán. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gba ẹ̀yìnkùlé wá, ó bá ìdajì Télọ̀ níta.

“Télọ̀! Kí lo ṣe fún un?”

“Ẹ káalẹ́, Màmá. Ẹ̀kọ́ ni.”

“Mo rí i pé ó ń kọ́ ẹ lẹ́kọ̀ọ́. Kí lo ṣe, ni mo bi ẹ́?”

“Mò ń sá ni, Màmá.”

“Ilẹ̀kùn ilé ẹ ńkọ́? Ṣé wọ́n tà á ni? Àgbàlagbà ń gba ojú fèrèsé sá fún ìyàwó! Ó tì o!”

Ohùn Àwòdì jáde láti inú ilé, láti ẹ̀yìn ìdí ọkọ rẹ̀: “Ẹ káalẹ́, Màmá! Mo dì í mú dáadáa!”

“Má fi í sílẹ̀ o, ọmọ mi! Ọkọ tó bá gba ojú fèrèsé jáde, kì í gba ẹnu ọ̀nà wọlé mọ́!”

Wọ́n fa Télọ̀ wọlé, wọ́n sì ṣàlàyé. Ìyá Òkè gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò gba ìdajì rẹ̀ gbọ́. Síbẹ̀ kò padà sókè. Ó wo inú ilé yíká, ó fa àga kan, ó jókòó.

“Ẹ ní ọmọ, ẹ ní ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ. Ta ni ìyá?”

“Kò tíì sí ìyá, Màmá.”

“Ẹ rí i? Ibẹ̀ lẹ ti kùnà. Èmi ni ìyá ọmọ. Mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n mo mọ bí wọ́n ṣe ń bínú.”

Ó dijú, ó fa ojú ro bí ẹni jẹ orógbó, Àwòdì sì ròyìn fún un lórí ìkúnlẹ̀ láìsí àṣìṣe. Ìyá Òkè kò gbọ́ ọ̀kankan nínú rẹ̀, ó sì ní kò tó, kí ó tún un ṣe. Ó tún un ṣe títí ìyá náà fi rẹ́rìn-ín.

Bí iṣẹ́ bá ń lọ geere báyìí, kí ènìyàn yẹ̀ ẹ́ wò lódìkejì. Ní Ọjọ́bọ̀, Télọ̀ ní kí Àwòdì jókòó, kí ó fọwọ́ lé itan, kí ó sì sọ ọ́ bí yóò ti sọ ọ́ níwájú Màdáámù.

Àwòdì la ẹnu. Afẹ́fẹ́ ló jáde. Ó tún la ẹnu. “He,” ó wí, ó dúró. Ó wo ọkọ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n jí àpò rẹ̀ gbé lọ́jà. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, orúnkún rẹ̀ kan ilẹ̀, gbólóhùn náà sì tú jáde lódindi: “He slipped out behind the trolley!” Ó dìde, ó jókòó. Ẹnu gbẹ. Ó kúnlẹ̀. Ẹnu tú.

Télọ̀ fi téèpù nu òógùn ojú.

“A ti bà á jẹ́, Ìyá wọn. A rán aṣọ náà mọ́ ẹni tó wọ̀ ọ́.”

“Ẹ tú u!”

“Kí n tú u lọ́jọ́ tó ku ọ̀la? Ó máa ya.” Ó ronú díẹ̀. “Ṣé o ò lè kúnlẹ̀ lórí fóònù?”

“Fóònù ò lójú, ìyẹn ò le. Màdáámù ló lójú.”

Nítorí náà, nígbà tí ọjọ́ Ẹtì mọ́, tí wọ́n ti kó àwọn ọmọ jáde sínú oòrùn, tí Màdáámù sì gbé fóònù wá sí yàrá tó ṣófo náà, ohun àkọ́kọ́ tí Àwòdì béèrè ni pé kí Màdáámù dákun bọ́ síta.

“Nítorí kí ni?”

“Bí ẹ bá ń wò mí, ẹnu mi á kú.”

Màdáámù wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Ó tẹ nọ́ńbà ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́, ó fi fóònù lé e lọ́wọ́. “Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo wà,” ó wí, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Fóònù ń dún lọ́hùn-ún. Ìyá ọmọ gbé e. Àwòdì kí i. Ìyá ọmọ kò jẹ́ ìkíni náà dáadáa, ó kàn ń retí. Àwòdì gbìyànjú bí ọmọlúàbí láti sọ ọ́ lórí ìdúró. Kò sí nǹkan. Ìyá ọmọ pe “Hello” lẹ́ẹ̀kan, ó pè é lẹ́ẹ̀kejì, ohùn rẹ̀ sì ti ń jìnnà bí ẹni fẹ́ gbé fóònù sílẹ̀.

Àwòdì fi èjìká di fóònù mọ́ etí, ó sì kúnlẹ̀ gbì.

Ọ̀rọ̀ dé. Ó rá lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ aṣọ, ó ní ọmọ yọ́ jáde lẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Ó na ọrùn, ó ní òun gbójú sókè, òun kò rí i. Ó ki orí bọ abẹ́ ibùsùn kan, ó ní òun wá a síbẹ̀. Ó fò dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó ní òun wá a síbẹ̀ náà. Àpótí nǹkan ìṣeré ṣubú, bọ́ọ̀lù àti agogo kékeré tú ká. Ó gbé ọmọlangidi kan láti inú agbọ̀n sí àyà, ó ní: “I found him in the basket. He was eating a towel.” Gbogbo rẹ̀ pé, kò sí èyí tó fò.

Lẹ́yìn náà ni ìyá ọmọ béèrè ìbéèrè kan ní pẹ̀lẹ́, Àwòdì sì gbọ́ ọ yékéyéké: nígbà tí ọmọ òun ń jáde lọ, ibo ni ìwọ ń wò?

Àwòdì àti Télọ̀ kò kọ́ èyí. Nínú ilé wọn, ojú rẹ̀ kò kúrò lára Télọ̀ rí. Láti ọjọ́ Ajé ni ó ti ń ròyìn kẹ̀kẹ́, tó ń ròyìn ilẹ̀kùn, tó ń ròyìn agbọ̀n, kò ròyìn ojú ara rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ọkọ rẹ̀. Ó lè sọ pé òun kò gbọ́. Ó lè jẹ́ kí fóònù já.

Ó sọ ọmọlangidi náà kalẹ̀ síwájú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn bó ti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé mọ́ ọmọbìnrin kékeré kan tí okùn aṣọ ìjẹun ọrùn rẹ̀ ti ta kókó. Ó fi ìka méjì mú okùn tí kò sí níbẹ̀. “I was looking after another one,” ó wí. Ó wo kókó náà. Bó ti ń wò ó, ó rí i pé ọrùn òun ti yí kúrò lọ́dọ̀ ilẹ̀kùn pátápátá, bó ti yí lọ́jọ́ náà gan-an. Ojú òun ló kọ́kọ́ sá, kí Ọ̀kẹ́rẹ́ tó sá. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ ní gbólóhùn tó kàn, ó mú ìdajì rẹ̀ nínú wíwò, ó mú ìdajì nínú sísá.

“I looked away,” ni Àwòdì wí. “Then he got away.”

Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó ń retí yàrá ìfọṣọ.

Ohun tí ìyá ọmọ béèrè tẹ̀ lé e ni pé kí ló ń ró bẹ́ẹ̀, ṣé wọ́n ń tún ilé kọ́ ni.

“It is me,” Àwòdì wí. “I am showing you.”

Ohùn kan bẹ̀rẹ̀ lọ́hùn-ún bí ikọ́. Ó le sí i. Kí Àwòdì tó mọ̀ pé ẹ̀rín ni, obìnrin náà kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ó mí, ó tún bú sẹ́rìn-ín, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tirẹ̀ láìdánu dúró. Àwòdì kò gbọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ tó mọ̀ ń kọjá lọ bí ará àdúgbò, ó sì ń dá wọn mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin náà ti gba àyè níbi iṣẹ́ láti dúró ti ọmọ nílé. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó wà lórí fóònù pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń ròyìn obìnrin aláìbìkítà tó fi ọmọ òun sílẹ̀ kí ó máa sá kiri. Bó ti ń ròyìn rẹ̀ lọ́wọ́ ni Ọ̀kẹ́rẹ́ “got away.” Ó “looked for” rẹ̀ títí omijé fi bọ́. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná ló ti bá a, ó fi ìkòkò dé orí.

“Did you look under the bed?” ni Àwòdì béèrè, nítorí ibẹ̀ ni onímọ̀ iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìyá ọmọ ní òun wo abẹ́ ibùsùn. Ó ní òun kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ó ní ní ọjọ́ Ajé òun ń gbé e bọ̀.

Nígbà tí Màdáámù ṣí ilẹ̀kùn, ó bá Àwòdì lórí ìkúnlẹ̀ láàárín bọ́ọ̀lù àti agogo, ọmọlangidi níwájú rẹ̀, fóònù léjìká. Kò béèrè bí ó ṣe débẹ̀.

“Kí ló wí?”

“Ó ní òun ń gbé e bọ̀ ní ọjọ́ Ajé.”

“Mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yín láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó dára. Mo gbọ́ ìyókù náà.” Màdáámù na ọwọ́ sí i, ó sì fà á dìde, nítorí orúnkún Àwòdì ti gan. “Ẹ kó nǹkan ìṣeré wọ̀nyẹn kí àwọn ọmọ tó wọlé. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ ó kọ́ bí a ṣe ń ròyìn ọmọ tó ń bì àti ọmọ tó ń ṣu gbuuru.”

“Ó dáa, Màdáámù,” ni Àwòdì dáhùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa bọ́ọ̀lù. Ó rántí ọkọ rẹ̀, tó jókòó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ní wákàtí yẹn láìmọ irú ọmọ tí yóò dà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àánú ọkùnrin náà sì ṣe é.